Ògiri Ilé Wa Tí A Kọ Ọ̀rọ̀ Sí Nítorí Fíìmù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, inú ló ń bí mi, ẹkún kọ́. Ẹkún ti tán lójú mi. Ìyá mi, obìnrin tí ewú ti gba orí rẹ̀, tí ó tọ́jú ọkọ títí ọkọ fi wọ káà ilẹ̀, ló padà di dálémosú ní Òkè-Ọ̀dàn. Yàrá kan lẹ́yìnkùlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n fún un, ibẹ̀ ni òun àti àwọn àpò gààrí rẹ̀ jọ ń sùn. Bẹ́ẹ̀ ilé wà ní Ayétòrò tí ọkọ rẹ̀ kọ́, tí òun fúnra rẹ̀ pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Kí ló lé e jáde? Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Fíìmù ni. Kì í tilẹ̀ ṣe odindi fíìmù, ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù lásán ni, èyí tí ẹ ó wò tán kí ẹ tó fọ abọ́ oúnjẹ yín tán.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlaròó ni mo wà, iṣẹ́ ìròyìn àti fíìmù ni mo ń kọ́. Ní ọdún tó kọjá, olùkọ́ wa pín wa sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ó ní kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lọ ya ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù kan wá. Òun ò fẹ́ àárín, òun ò fẹ́ òpin, kí a ṣáà jẹ́ kí ẹni tó bá wò ó máa wá ohun tó kù. Èmi ni mo mú ìtàn wá. Mo ní kí ó jẹ́ ìtàn opó kan tó jí láàárọ̀, tó mú ìgbálẹ̀ jáde, tó wá rí i pé wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri ilé rẹ̀. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ìlú tí ẹ máa gbà kọjá ní ilẹ̀ Yewa yìí tí ẹ kò ní rí i lára ilé tí àwọn ọmọ olóògbé ń jà lé lórí: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ilé wa ní Ayétòrò ló máa dára jù, nítorí pé ẹ̀bá títì ló wà, oòrùn àárọ̀ sì máa ń bọ́ sára ògiri rẹ̀ dáadáa. Ẹ wo òmùgọ̀! Oòrùn ni mo rò, n kò ro ènìyàn.

Ìyá mi kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní kí ni arúgbó fẹ́ máa wá nínú fíìmù, pé àwọn èèyàn á ní òun ti ń ya wèrè. Dàmọ́lá, ọmọkùnrin tó ń gbé kámẹ́rà fún wa, ló fi àwàdà yí i lọ́kàn padà, tó ń pè é ní ìyá òṣèré títí obìnrin náà fi lọ mú ìró àdìrẹ rẹ̀ jáde nínú àpótí. A ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹfun la ó fi kọ ọ̀rọ̀ náà, kí a lè fi omi fọ̀ ọ́ kúrò. Nígbà tí a débẹ̀, Dàmọ́lá ní ẹfun kì í hàn nínú kámẹ́rà, ó sì fa agolo ọ̀dà pupa yọ nínú báàgì rẹ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà. Bó ṣe kọ ọ́ tán, kò bi ẹnikẹ́ni, ó tún kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀: Ẹ ṢỌ́RA FÚN ONÍJÌBÌTÌ. Ó ní bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Irọ́ kọ́ ló pa, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ náà nìyẹn.

Ìyá mi gbálẹ̀ dé iwájú ògiri, ó gbójú sókè, ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré la yà á, kò sí pé a tún un yà, àfi bí ẹni pé ó ti ń ṣe eré láti kékeré. Inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ ọn. Ọ̀dà funfun tí a rà láti fi pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kò tó. Bí a ṣe kùn ún tó, pupa ń là jáde láti abẹ́ rẹ̀. A ní kò burú, ní òpin ọ̀sẹ̀ a ó padà wá kùn ún dáadáa. Àwọn ọlọ́kadà ń dẹwọ́ eré kí wọ́n lè kà á, èmi sì ń rẹ́rìn-ín, mo ní fíìmù wa ti ń ní òǹwòran kí a tó parí rẹ̀.

Bàbá Kékeré ló dé kí òpin ọ̀sẹ̀ tó pé. Àbúrò bàbá mi ni, ọmọ ìyá kan náà, ẹni tó máa ń ná ọjà bọ́dà. Lọ́jọ́ tí bàbá mi kú, òun ló sunkún ju gbogbo wa lọ. Ó di ọwọ́ ìyá mi mú lójú gbogbo àwọn tó wá kí wa, ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láyé, kò sí ẹni tó máa yọ ọ́ lẹ́nu. Ìyá mi kò pè é lórúkọ rí, “ọkọ mi” ló ń pè é, bí ìyàwó ilé ṣe máa ń pe àbúrò ọkọ. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, kò kí ẹnikẹ́ni, ó lọ dúró síwájú ògiri. Èmi tí mo dúró ti ìyá mi nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi padà sí Ìlaròó ti sáré jáde, mo ti ń ṣàlàyé pé iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ìyá mi ló kọjú sí.

“Ta ló sọ fún yín?”

“Sọ kí ni fún wa, ọkọ mi?”

Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ṣé ẹni tí kò fi nǹkan pamọ́ ló ń béèrè ta ló sọ? A padà gbọ́ pé ó ti ń bá ọkùnrin kan láti Èkó dúnàádúrà lórí ilé wa, nítorí pé ẹ̀bá títì yẹn náà wu ọkùnrin ọ̀hún fún ibi tí yóò ti máa ta irin àti sìmẹ́ǹtì. Ọkùnrin náà ló wá tún ilé wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a ya fíìmù, ó ka ohun tó wà lára ògiri, ó sì yí mọ́tò rẹ̀ padà. Afàgò kéyin àparò, ohun tójú ń wá lojú ń rí. Èmi kò mọ̀ pé mo ń wá nǹkan kan ni tèmi.

Ẹbí pe ìpàdé. Mo rò pé Bàbá Kékeré ni wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àwọn àgbà wà níbẹ̀ o, wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹ obì, orí ọmọ sì wọ́ lójú wọn. Ìyá mi ni wọ́n bi pé kí ló dé tó fi pe ẹbí ní oníjìbìtì lójú títì. Mo ní eré ni. Mo kúnlẹ̀, mo gbé fóònù fún olórí ẹbí kó wò ó fúnra rẹ̀. Ohun tó pa wá pátápátá nìyẹn. Baba náà wò ó tán, ó ní, “Ẹni tí kò mọ̀ sí i, ṣé yóò máa gbálẹ̀ níwájú rẹ̀ kí wọ́n máa yà á?” Ìyá mi kúnlẹ̀. Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Òun tí kò jẹ̀bi ńkọ́? Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo béèrè ẹjọ́ ọkùnrin Èkó, wọ́n ní ọmọbìnrin kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, pé ilẹ̀ ẹbí ni bàbá mi kọ́ ilé lé. Wọ́n wá ní kí ìyá mi lọ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ kí inú ẹbí fi rọ̀. Ẹ mọ ìtumọ̀ irú ìsinmi bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n fi fíìmù wa hàn ní kíláàsì. Olùkọ́ wa ní tiwa ló dára jù, pé ó dà bí òótọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n ní ká ṣe, ẹbí bàbá mi ló bá wa ṣe ìyókù. Dàmọ́lá gbé e sórí Wáàsápù, ó sì ń bi mí bóyá kí a tẹ̀síwájú kí a ya èyí tó kù, nígbà tí ìtàn ti wà nílẹ̀. N kò gbá a létí. Títí di òní ó ń dùn mí pé n kò gbá a létí.

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan ní àlejò ń dúró dè mí lẹ́nu géètì. Bàbá Kékeré ni, pẹ̀lú búrẹ́dì àti ọsàn nínú ọ̀rá, tó ń pè mí ní ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin Èkó ṣì fẹ́ ilé náà, ṣùgbọ́n fíìmù ti dé orí fóònù tirẹ̀ náà, ó sì ní òun kò ní gbé ẹsẹ̀ kan àyàfi tí ọmọ tó ṣe é bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún òun pé kò sí ìjà lórí ilé náà.

“Ṣebí eré ni?” Bàbá Kékeré wí. “Ohun tí o sọ fún wa lọ́jọ́ yẹn náà ni kí o sọ fún un. Mi ò ní kí o purọ́.”

Ó ní ìyá mi máa rí tirẹ̀ nínú ohun tí wọ́n bá rí. Mo kàn ń wo ẹnu rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí gba ìyá mi sílẹ̀, irọ́ ni wọ́n pè é. Ó di òótọ́ lónìí nítorí pé ó lè bá wọn ta ilé. Tí mo bá ní eré ni, òótọ́ ni mo sọ, ilé bàbá mi sì lọ nìyẹn. Tí mo bá ní kì í ṣe eré, mo ti purọ́, mo sì ti fọwọ́ sí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ lé ìyá mi jáde. Wọ́n máa ń sọ pé bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Àwọn tó ń pa òwe náà ló ń tà wá yìí.

Mo lọ bá ìyá mi ní Òkè-Ọ̀dàn kí n lè gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Ó ń yan gààrí lọ́wọ́, kò dúró. Kò ní kí n sọ ọ́, kò sì ní kí n má sọ ọ́. Ó kàn bi mí pé ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé yẹn la sin bàbá mi sí, bí wọ́n bá tà á, níbo ni wọ́n máa wá sin òun sí?

Ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ, ẹ̀yin tí ẹ ti rí irú èyí rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fi òótọ́ ta sàréè bàbá mi ni, àbí kí n fi irọ́ dá a dúró? Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń mú ọkùnrin náà bọ̀.