Èmi Ni Mo Kọ Ọ́ Pé Àwọn Elépo Odò Ìfọ́n Kò Níṣẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti ń bá mi gbé fún ọdún mélòó kan. Kò pa mí lẹ́kún, kò sì dí mi lọ́wọ́ oúnjẹ. Kódà, mo sanra sí i. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, mo gba Ìfọ́n kọjá, mo rí ohun kan, mo sì wá mọ̀ pé bí n kò bá sọ̀rọ̀ báyìí, obìnrin kan yóò kú pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ́rùn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, kí èébú náà lè pé.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Mo ní ìwé ẹ̀rí, mo ní táì kan, n kò níṣẹ́. Ọ̀mọ̀wé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé ló mú èmi àti àwọn bíi tèmi kan sínú iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà là ń pè é. Ìjọba rán an pé kó wádìí iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láwọn ìlú kéékèèké láìsí lábẹ́ ìjọba tàbí kóńpìnnì, àwọn tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ìlobù àti Ìfọ́n bọ́ sí ọwọ́ mi, nítorí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tó wà nítòsí ni wọ́n bí mi sí.

Dókítà kò fún wa ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Nígbà tó bá rántí, á ki ọwọ́ bọ àpò, á fún wa ní nǹkan. Bí ẹnì kan bá wá ka èmi fúnra mi lọ́jọ́ náà, àárín àwọn tí mo ń kà ni ì bá kọ mí sí. N kò ronú kan ìyẹn nígbà náà. Táì wà lọ́rùn mi.

Ní Ìfọ́n, ọ̀dọ̀ Ìyá Rálíà ni mo dé sí. Opó ni wọ́n, ọ̀rẹ́ ìyá mi sì ni wọ́n. Àwọn méjèèjì jọ máa ń wọ mọ́tò lọ tajà l'Óṣogbo. Yàrá ọkọ wọn tó ti kú ni wọ́n fún mi, wọn kò gba kọ́bọ̀. "Akọ̀wé" ni wọ́n ń pè mí. Rálíà, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni. Epo tí ìyá rẹ̀ máa fọ̀ lọ́dún náà ni wọ́n fẹ́ fi rán an lọ.

Ibì kan wà létí odò lẹ́yìn ìlú, tí àwọn obìnrin ti ń fọ epo pupa. Àáró ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí ó bá kan lágbájá lónìí, gbogbo wọn á pé lé ẹyìn lágbájá lórí. Àwọn kan á máa dáná, àwọn kan á máa gún ún, àwọn kan á máa fọ̀ ọ́ lómi. Epo tó bá jáde lọ́jọ́ náà, ti lágbájá ni. Tó bá di ọjọ́ mìíràn, ó kan ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá bá ṣe tirẹ̀, tí kò bá wá ṣe ti ẹlòmíràn, ó sàn kó di ẹrù rẹ̀ kó kúrò nílùú. Ìyá mi ṣe irú rẹ̀ ní Ẹ̀rìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà nígbà tó ń gún ẹyìn ẹlẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ má baà rò pé àìmọ̀ ló ṣe mí.

Lọ́jọ́ tí mo lọ síbẹ̀, mo kí wọn kú iṣẹ́.

"Òo, akọ̀wé. Ṣé owó orí lo tún bá dé?"

"Rárá o, ẹ̀yin ìyá mi. A kàn fẹ́ mọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ni."

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbejì, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, nu ọwọ́ sí ìró. "Tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n tán ńkọ́?"

"Wọ́n fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni, mà."

"Kí wọ́n máa bọ̀ nígbà náà. Odó kan ṣófo nìyẹn."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló gbà yín síṣẹ́ níbí? Wọ́n ní kò sí. Èló ni wọ́n ń san fún yín? Wọ́n ní ta ni yóò san án. Ṣé tiyín ni epo yìí? "Ti Ìyá Sàbí ni. Tèmi ń bọ̀ lẹ́yìn."

Irú èèyàn méjì péré ni ìwé Dókítà gbà pé ó níṣẹ́: ẹni tó ni òwò, àti ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Nítorí náà, nínú gbogbo èrò tó wà létí odò lọ́jọ́ náà, Ìyá Sàbí nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó kù, tí epo dé ìgbúnwọ́ wọn, tí òógùn ń bọ́ lójú wọn, ń ṣeré ni. Ká ní ọjọ́ kejì ni mo lọ, Ìyá Sàbí ni ì bá ti di aláìníṣẹ́.

Dókítà wá wò wá lẹ́ẹ̀kan. Kò jáde nínú mọ́tò, nítorí ẹrẹ̀. Ìyá arúgbó kan gbọ́ pé dókítà dé, ó wọ́ ẹsẹ̀ wá sídìí fèrèsé ọkọ̀, ó ní orúnkún ń dun òun. Dókítà ní òun kì í ṣe dókítà oníṣègùn, dókítà ìwé ni òun.

Ìyá Ìbejì ní, "Ìwé wo ló wá ń ṣàìsàn?"

Gbogbo odò ló hó. Dókítà ní kí awakọ̀ yí ọkọ̀ padà.

Yàrá kan tí a háyà ní Ìlobù la ti ń to iṣẹ́ wa jọ. Mo ṣàlàyé àáró fún un níbẹ̀. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì?" Mo ní n kò mọ orúkọ kan fún un. Ó ní ohun tí kò bá lórúkọ, a kò lè kà á. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi, jẹ́jẹ́, pé òun fẹ́ fi orúkọ ẹnì kan ránṣẹ́ sókè òkun láti lọ kàwé sí i, ẹni tó bá ní òye ni òun sì ń wá.

Kò pàṣẹ fún mi. N kò fẹ́ purọ́ mọ́ ọn. Mo kàn ní òye ni.

Mo kọ gbogbo wọn, àfi Ìyá Sàbí, sí aláìníṣẹ́. Ìyẹn nìkan kọ́. Dókítà ní kí olúkúlùkù wa kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ibi tó lọ, kí ìwé rẹ̀ lè gùn. Mo kọ ọ́ pé ilẹ̀ kan wà létí odò Ìfọ́n, tí àwọn obìnrin aláìníṣẹ́ máa ń pé jọ sí láti fi ọjọ́ ṣòfò. Mo ní ilẹ̀ náà ṣófo, pé yóò dára fún gbọ̀ngàn tí a lè ti máa kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́. Ẹnikẹ́ni kò bi mí nípa ilẹ̀. Gbólóhùn náà ló dùn létí mi. Ó dùn létí Dókítà pẹ̀lú.

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, ìwé yẹn nìkan ni mo mọ̀ tí ìjọba kà tán, tí wọ́n sì tètè ṣe ohun tó wí. Àwọn ọkùnrin kan dé pẹ̀lú okùn àti èèkàn, wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n ní ìjọba gbọ́ pé ó ṣófo, kí ẹnikẹ́ni má dáná níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí mo lọ dágbére fún Ìyá Rálíà pé mò ń lọ sókè òkun ni àwọn obìnrin odò ya wọlé bá wa. Ìyá Rálíà ti bá gbogbo wọn ṣe tiwọn tán. Ti Ìyá Rálíà ló kàn. Ẹyìn wọn ti wà nílẹ̀ ní òkìtì létí odò, ó ti ń rọ̀.

Ìyá Ìbejì kò jókòó. "Ìyá Rálíà, ẹ̀yin àgbà la wá bi. Ta ló sọ fún ìjọba pé ilẹ̀ wa ṣófo?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

"Ilé ta ni akọ̀wé ń sùn? Ọbẹ̀ ta ló ń lá?"

Ìyá Rálíà kò bínú. Wọ́n kọjú sí mi. "Akọ̀wé, sọ fún wọn. Ǹjẹ́ mo bá ọ sọ ohunkóhun rí nípa ilẹ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, "rárá" ni ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá ní rárá, wọ́n á bi mí pé ta wá ni. Mo ní, "Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀. Iye èèyàn ni mo wá kà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹ̀yin onílùú lẹ jọ mọ̀ ọ́n láàárín ara yín."

Ó bọ́gbọ́n mu létí mi bí mo ti ń sọ ọ́. Ìyá Rálíà wò mí títí. Ìyá Ìbejì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"A ti gbọ́. Àáró tí ẹ bá wa ṣe, a ò sọ pé a ò jẹ yín ní gbèsè rẹ̀. Ẹni tí ẹ ta odò fún ni kẹ́ ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo wọ mọ́tò lọ. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn yòókù rí odò mìíràn, ó jìnnà, wọ́n sì ń ṣe àáró wọn lọ níbẹ̀. Wọn kò pe Ìyá Rálíà. Òkìtì ẹyìn náà jẹrà síbi tó wà. Rálíà kò lọ sílé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ mọ́.

Ọkàn mi kò balẹ̀ ní òkè òkun. Mo fẹ́ ṣàtúnṣe láìjẹ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwa ọ̀mọ̀wé. Mo kọ̀wé sí Dókítà pé kó bá mi wá iṣẹ́ fún Rálíà nínú gbọ̀ngàn tuntun náà. Ó sì ṣe é. Wọ́n gba Rálíà síṣẹ́ pé kó máa gbálẹ̀ níbẹ̀. Inú mi dùn. N kò rò ó pé àwọn obìnrin Ìfọ́n náà lójú. Gbogbo ìlú rí i pé ilẹ̀ lọ, gbọ̀ngàn dé, ọmọ Ìyá Rálíà nìkan ló sì rí iṣẹ́ ìjọba gbà nínú rẹ̀. Ẹ̀rí wo ni wọ́n tún ń wá? Àtúnṣe mi ló kan èèkàn mọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ní ti gbọ̀ngàn, wọ́n kó ẹ̀rọ ìránṣọ wá síbẹ̀, wọ́n tì í. Kò sí olùkọ́. Rálíà ń gbá ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀.

Mo ti padà dé. Èmi náà ti di Dókítà, ìwé sì ń ṣàìsàn lọ́wọ́ mi. Ìjọba tún fẹ́ ka àwọn tí a kò tíì kà, èmi ni wọ́n sì ní kí n ṣe olórí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba Ìfọ́n kọjá lóṣù tó kọjá.

Ẹ̀yìnkùlé wọn ni mo ti bá Ìyá Rálíà. Wọ́n ń dá ẹyìn gún. Iṣẹ́ tí ogunlọ́gọ̀ obìnrin máa ń pawọ́ pọ̀ ṣe kó tó di ọ̀sán, odindi ọ̀sẹ̀ ló ń gbà wọ́n, Rálíà á wá bá wọn pọnmi bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, o ti ń sanra. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ. O ṣeun tí o rántí Rálíà." Mo ní kò tọ́pẹ́. Ìyẹn nìkan ni òótọ́ tí mo ti sọ nínú ilé náà.

Mo béèrè bóyá àwọn obìnrin yẹn ṣì ń bínú. Wọ́n ní, "Wọ́n ń kí mi. Wọn kàn kì í bá mi ṣiṣẹ́ ni." Wọ́n padà sídìí odó. Ẹ̀rù bà mí láti sọ ọ́. Mo fi owó sílẹ̀ fún wọn, wọ́n dá a padà, wọ́n ní owó kọ́ ni àwọn nílò.

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, nígbà tí ó jẹ́ pé Ìyá Rálíà kò mọ̀ọ́kà, Ìyá Ìbejì kò sì mọ̀ọ́kà. Mo ti bi ara mi léèrè. Ìdáhùn rẹ̀ kò buyì kún mi.

N kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀yin, ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Ta ni kí n kọ́kọ́ bá: Ìyá Rálíà, tí yóò dárí jì mí kí n tó sọ ọ́ tán, tàbí àwọn obìnrin yòókù, tí kò ní dárí jì mí, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé àwọn ló lè gbé odó lọ sí ẹ̀yìnkùlé Ìyá Rálíà? Bí mo bá sì sọ ọ́ lójúkojú, láìfi orúkọ mi pamọ́ bíi tinú ìwé yìí, tí ìjọba gbọ́, iṣẹ́ tuntun tí wọ́n fún mi yìí lọ nìyẹn. Mo fi kún un kí ẹ lè mọ ohun tó ń dá mi dúró ní ti gidi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìdáhùn yín pẹ́. Ẹyìn ti pọ́n lóko, àwọn obìnrin Ìfọ́n sì ti ń to ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ kàn.