Olówó Tó Wọ Àkísà Lọ Gba Sàká

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọpẹ́ ni fún Allah tó dá ẹ̀mí wa sí tí a fi jókòó síbí. Kí Ó bá wa kẹ́ Ànábì wa, kí ìkẹ́ náà kan àwọn ará ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò dùn, n kò sì ní fi oyin sí i. Ọ̀rọ̀ sàká ni. Ta ló ni sàká? Ẹ dá mi lóhùn! Alukùránì ti pín in fún wa: "Innamas-sadaqātu lil-fuqarā'i wal-masākīn." Tálákà ni Ọlọ́run kọ́kọ́ dárúkọ. Kò dárúkọ oní-sọ́míìlì.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ dúró ná.

Alhaji kan wà tí wọ́n ń pè ní Bádírù. Agégẹdú ni. Ó ní sọ́míìlì méjì, ilé tó kọ́ lé ní mẹ́rin, ó sì ti lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọbìnrin rẹ̀, Kafáyátù, yege ìdánwò, fásitì sì gbà á pé kó wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Inú ọmọ dùn, ó mú ìwé owó ilé-ẹ̀kọ́ tọ bàbá rẹ̀ lọ. Bàbá wò ó títí, ó dá a padà fún un.

"Ẹ̀rọ ìlagi tuntun ni mo fẹ́ rà lọ́dún yìí. N kò ní fi owó ẹ̀rọ san owó ilé-ìwé."

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò ní fi àyè náà sílẹ̀ dè mí o."

"Ta ló ní o ò ní lọ? Ìgbìmọ̀ sàká wà ní ìlú ìyá mi, wọ́n ń san owó fásitì fún ọmọ mùsùlùmí. Wọn ò mọ̀ mí níbẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ̀ mí níbí. Àbí ìwọ kì í ṣe ọmọ mùsùlùmí ni?"

Ẹ gbọ́ Alhaji! Ẹni tó yẹ kó máa yọ sàká, òun ló fẹ́ lọ gbà á!

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, ó bọ́ agbádá sílẹ̀, ó yá jalàbíà ọ̀kan nínú àwọn lébìrà rẹ̀ wọ̀, èyí tí epo ẹ̀rọ ti bà jẹ́. Ó ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà tí okùn rẹ̀ ti já, ó fi wáyà so ó. Ó ní kí Kafáyátù bọ́ yẹtí etí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìlú náà, ó ní kí dẹ́rẹ́bà gbé ọkọ̀ pamọ́ sẹ́yìn ilé epo kan, òun àti ọmọ sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bí wọ́n ti ń sún mọ́ ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ó ń tiro! Ẹsẹ̀ tó fi yí Káábà po, ẹsẹ̀ tó fi rìn láàárín Sọ́fà àti Mọ́rúwà, òun náà ló ń wọ́ nílẹ̀ bí arọ!

Èrò pọ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí, tọmọ tòbí, wọ́n ń dúró kí wọ́n pè wọ́n wọlé. Ẹni tó jókòó ti Alhaji ni Bàbá Mọ̀nsúrátù. Òkúta ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń fọ́ tà fún àwọn kọ́lékọ́lé. Ẹ̀rún òkúta ti bà á lójú kan, ojú náà sì ti fọ́. Mọ̀nsúrátù ọmọ rẹ̀ jókòó ti Kafáyátù, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì wá ń tàkúrọ̀sọ.

"Kí ni wọ́n ní kó o wá kọ́?" Kafáyátù ló béèrè.

"Nọ́ọ̀sì ni. Ìwọ ńkọ́?"

"Nọ́ọ̀sì ni tèmi náà."

Mọ̀nsúrátù rẹ́rìn-ín. "A ó jọ wà ní kíláàsì kan náà nìyẹn, in ṣá Allahu. Màmá mi ti ta ewúrẹ́ wọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí tèmi, ó ń bá wọn fọ́ òkúta. Síbẹ̀, owó ò pé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àyè ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ní kò sí lónìí, n ò mọ bí mo ṣe máa tún ní kí wọ́n máa ṣe é lọ."

Kafáyátù tẹrí ba. Ilẹ̀ ló ń wò.

Bàbá Mọ̀nsúrátù ní tirẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ Alhaji. Àánú ṣe é. Ó bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tì í síwájú Alhaji.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi èyí wọlé. Tiyín ti já jù. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín níwájú àwọn alfa."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Òkúta ti mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ẹ sáà wọ̀ ọ́."

Kí lẹ rò pé Alhaji ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá ọ̀tún yẹn, kí lẹ rò? Ó wọ̀ ọ́! Sùbúhánallàhi! Olówó wọ bàtà tálákà, ó ní "Jazakallahu khairan", ó sì tiro wọlé!

Níwájú ìgbìmọ̀, ó gbé ọwọ́ lé Alukùránì. Ó ní lébìrà lòun, igi wó lu òun lẹ́sẹ̀, òun ò níṣẹ́ mọ́. Alága wọn, àgbà alfa kan tí ohùn rẹ̀ tutù, yíjú sí Kafáyátù.

"Ọmọ mi, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Bàbá rẹ̀ ranjú mọ́ ọn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

N kò ní bo ọmọ náà mọ́lẹ̀ o. Òun náà purọ́. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ? A rán ọmọ lọ ilé-kéú kó lọ kọ́ òdodo, a wá fi ọwọ́ ara wa kọ́ ọ nírọ́ nílé!

Nígbà tí wọ́n ń ka orúkọ jáde, wọ́n ní owó ọdún náà kò ju ti ẹnì kan mọ́. Kafáyátù ni wọ́n pè. Mọ̀nsúrátù fi hìjáábù bo ojú. Bàbá rẹ̀ dìde lẹ́sẹ̀ lásán, ó bọ Alhaji lọ́wọ́. "Ọlọ́run ló ṣe é fún yín. Tiwa náà ń bọ̀." Kò rántí bàtà. Alhaji kò rán an létí.

Bí wọ́n ti dé ìdí ọkọ̀, Alhaji bú sẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sálúbàtà náà, ó jù ú sí gọ́tà, ó wọ bàtà awọ tirẹ̀. "Wọlé ká máa lọ."

Kafáyátù kò wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú bàtà méjèèjì nínú gọ́tà, ó ń fi etí hìjáábù rẹ̀ nu ẹrẹ̀ ara wọn.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń padà sọ́dọ̀ àwọn alfa. Mo fẹ́ lọ sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa."

"Kafáyátù! Bí o bá fẹsẹ̀ kan padà síbẹ̀, kọ́bọ̀ mi kò ní wọ ilé-ìwé rẹ láéláé. Má sì pè mí ní bàbá mọ́!"

"Ẹ̀yin ni bàbá mi. Ṣùgbọ́n n kò lè gbé ẹ̀tọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ sí fásitì."

Ẹkún ni ọmọ náà sun dé mọ́ṣáláṣí. Ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Alága ní kó dìde.

"Ṣé o mọ̀ pé a ó gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ?"

"Mo mọ̀, sà. Òun ni mo bá wá."

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n rán èèyàn lọ síbi tí Bàbá Mọ̀nsúrátù ti ń fọ́ òkúta, tòun tìwé owó sàká àti bàtà. Mọ̀nsúrátù wọ fásitì.

Kafáyátù ńkọ́? Alhaji ṣe bó ṣe wí. Odindi ọdún kan lọmọ fi jókòó sílé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní kéú, tó ń rán hìjáábù tà. Àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ dá owó jọ, olóko mú wá látinú oko, aláṣọ mú wá látinú aṣọ, ohun tí bàbá rẹ̀ ì bá fi pákó ọ̀sẹ̀ kan ṣe! Lọ́dún kejì ó wọlé. Mọ̀nsúrátù ló gbé ìwé ọdún àkọ́kọ́ tirẹ̀ fún un.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ ń retí. Ẹ fẹ́ kí n sọ pé iná jó sọ́míìlì. Iná kò jó o. Ẹ̀rọ tuntun ti dé, ó ń lagi, sàfù iwájú sì ni Alhaji ń dúró sí kírun. Ọlọ́run kì í kánjú. Ànábì sọ pé ẹni tó bá ń tọrọ owó àwọn èèyàn kí tirẹ̀ lè máa pọ̀ sí i, ẹyin iná ló ń tọrọ. Kó bu díẹ̀ o, kó bu púpọ̀ o. Ìwọ tó o kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ọmọ òrukàn lọmọ rẹ, tó o wà láàyè, tó ò ń jẹ ìyán, ṣé o gbọ́? Kí lo bù sílé yẹn?

Ọlọ́run Ọba, ẹni tó ń fi òógùn rán ọmọ níwèé nínú wa, bá a gbé ẹrù rẹ̀. Ẹni tó ní, tí kò fẹ́ yọ ọ́, la ọwọ́ rẹ̀ kó tó di ọwọ́ òkú. Èyí tó ti jẹ ti tálákà nínú wa, fi ọ̀nà hàn án kó lè dá a padà lónìí, kó tó di Alukiyámọ̀ tí kò ní rí ohun tí yóò fi san án. Àmín, yá Allah.