Ẹja Há Mi Lọ́fun Létí Òkun

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi hó! Ẹ hó kí wọ́n gbọ́ dé títì! Halelúyà! Ọ̀fun tí mo fi ń pariwo yìí, ẹja ti wọ inú rẹ̀ láàyè!

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Bàbá Grâce, télọ̀ ní àdúgbò Koumassi Remblais, tó máa ń dá orin fún ẹgbẹ́ akọrin wa. Ẹ sì mọ̀ pé tí mo bá ti ránṣọ tán ní Sátidé, ẹja pípa ni fàájì mi.

Ní Sátidé kan, èmi àti ìyàwó mi wà létí òkun lọ́nà ìlú Bassam. Omi dákẹ́ rọ́rọ́. Mo mú ẹja kékeré kan, okùn ìwọ̀ sì lọ́ pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pẹja, ẹ mọ ohun tá a máa ń ṣe: mo fi eyín di ẹja mú, kí ọwọ́ mi méjèèjì lè ráyè tú okùn. Áà! Ẹja ta pọ́ún, ó forí wọ ọ̀nà ọ̀fun mi!

Agbára káká ni mo fi ń mí. Mo tọwọ́ bọ ẹnu, mo di ìrù rẹ̀ mú.

Ìyàwó mi figbe ta: "Ẹ má fà á! Ẹ̀gún wà lẹ́yìn ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fà á, ẹ̀gún á ṣí sí yín lọ́fun!"

Mo ṣì ń fà á. Ló bá tú gèlè orí rẹ̀, ó fi di ọwọ́ mi méjèèjì bí ìgbà tí wọ́n mú olè!

Ó fà mí dé títì, ó dá takisí dúró. Onítakisí wò mí, ó rò pé olè ni mí. "Maman, voleur ni?"

"Ọkọ mi ni! Ẹja ló há a lọ́fun! Vite, vite! Ẹ yára!"

"Éè, yako, le vieux! Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá!" Ló bá tẹná mọ́ ọkọ̀.

Ìyàwó mi ń gbàdúrà lọ́nà: "Jésù, o ò ní sọ mí di opó nítorí ẹja tí ò tó ọbẹ̀!" Ẹ ṣàmín!

Nílé ìwòsàn, dókítà béèrè ẹni tó dì mí lọ́wọ́. Ó ní: "Madame, ẹ ṣeun. Ká ní ó fà á ni, ọ̀fun ì bá ya. A máa yọ ọ́. Mais la voix... ohùn rẹ̀, mi ò lè ṣèlérí."

Wọ́n yọ ọ́. Mo jí, mo lanu, ohùn kò sí. Mo sunkún, ẹkún náà ò dún. Ẹ̀yin náà rí mi níbí, tí mo ń la ẹnu lásán láàárín akọrin.

Títí di àárọ̀ ọjọ́ kan. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ìyàwó mi pè mí láti ilé ìdáná pé oúnjẹ ti délẹ̀.

Mo ní: "Mò ń bọ̀!"

Ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá Grâce, ẹ tún un sọ!"

Mo tún un sọ! Ogo! Mo sọ ọ́ títí oúnjẹ fi tutù! Olúwa, mo dúpẹ́. Ìyàwó mi, mo dúpẹ́ gèlè rẹ.

Ìwọ tí ìṣòro há lọ́fun lónìí, má fi ìpayà fà á. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí Ọlọ́run bá sì rán ẹni tó máa dì ọ́ lọ́wọ́, má bá a jà.

Ó yá, akọrin, ẹ dìde. Èmi ni màá dá orin. Ẹ gbè é!