Oòrùn Tó Ń Gbé Ohùn Rédíò Mì

Nídìí ẹ̀rọ omi ní àdúgbò Tanghin, láyé Révolution, ìjọba àyípadà àwọn ológun, ni mo ti gbọ́ bí délégué àdúgbò wa, ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan tó jẹ́ aṣojú ìjọba, ṣe ń bá bàbá aláṣọ kan wí.

"Bàbá, rédíò kéde pé kí gbogbo wa jáde wá gbálẹ̀. Ẹ ò wá! Àtìmọ́lé lẹ ó sùn."

"Ọjà Dori lọ́hùn-ún ni mo wà, kamaradi. Ṣàà-ṣàà ni rédíò ń dún. Wọ́n ní oòrùn ló ń tutọ́ iná, tó ń gbé ohùn rédíò mì lójú òfurufú."

"Ṣé oòrùn lòdì sí Révolution ni?"

"Mi ò mọ ẹgbẹ́ tó ń ṣe. Àmọ́ kò bá wa gbálẹ̀ rí."

Délégué gbójú sókè wo oòrùn títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa lọ, bàbá. Òun la ó máa ṣọ́."