Gbèsè Tí N Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Jì Mí

Ẹ bá mi kí ọwọ́ ọ̀tún mi. Ọwọ́ ńlá, ọwọ́ ọ̀mọ̀wé, ọwọ́ tó nà sókè láàárín ìjọ tí gbogbo ọrùn fi yí padà! Àwọn ọba àtijọ́ fi ọwọ́ tiwọn ṣẹ́gun ìlú; èmi fi tèmi ra iṣu kan. Ọwọ́ yẹn náà ni mo fi ń kọ ìwé yìí nínú yàrá àwọn tí wọ́n dájọ́ ikú fún. Wọ́dà kò sọ ọjọ́ tí wọn yóò yẹgi fún mi, èmi náà kò sì bi í.

Tíṣà ni mí ní Ìpótì, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí owó oṣù máa ń pẹ́ ju òjò àkọ́rọ̀ lọ. Mo ti yunifásítì dé, mo sì rí i dájú pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Lọ́jọ́ ìkórè ìjọ wa, wọ́n gbé iṣu kan sókè, wọ́n ń lù ú ní gbàǹjo. Oníṣòwò pákó kan pe iye kan. Mo pe ìlọ́po méjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún pè. Nígbà tí mo nawọ́ kẹ́yìn, iṣu náà ti tó owó oṣù mi mẹ́ta. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Mo tẹríba bí ẹni tó gba oyè.

“Àwìn ni o,” ni mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún akọ̀wé ìjọ.

“Ta ni onídùúró yín?”

Àgbẹ̀ kòkó kan tó jókòó lẹ́yìn mi, Bàbá Jóònà, ló dáhùn: “Èmi ni. Ọmọ wa ni.”

Ọdún kan kọjá, n kò san. Wọ́n lẹ orúkọ mi mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò: Bàbá Jóònà ti ta kòkó, ó ti san án. Mo lọ sílé rẹ̀, mo ṣe àlàyé gígùn nípa ìjọba àti owó oṣù. Ó tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Tíṣà, uṣu ọ̀hún tilẹ̀ dùn?”

Mo rẹ́rìn-ín. Inú bí mi.

Ọdún mẹ́rin ni kò fi mẹ́nu bà á mọ́. Tó bá pàdé mi, á bèèrè àlàáfíà mi, á bèèrè ìyàwó, á kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé onílé-onílé kí n má bàa rí i. Mo ń sọ fún ara mi pé dídákẹ́ tó dákẹ́ yẹn ló fi ń pè mí lólè.

Nígbà tó yá, mo fẹ́ kọ́lé. Mo lọ yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Aramọkọ. Akọ̀wé wọn, obìnrin kan tó ń mu gààrí níwájú mi láìbẹ̀rù yunifásítì, yẹ ìwé mi wò.

“Ọ̀gá tíṣà, ìwé yín pọ̀. Orúkọ yín ńkọ́?”

“Kí ló ṣe orúkọ mi?”

“A ti gbọ́ nípa iṣu. Ẹ mú bàbá yẹn wá, kó dìde níwájú ẹgbẹ́, kó ní ẹ ò jẹ òun ní kọ́bọ̀. Tó bá ti sọ ọ́, ó parí.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a lóko níbi tó ti ń fọ́ kòkó. Mo ní kó bá mi sọ pé mo ti san. Ó jókòó sórí òkìtì èèpo, ó rò ó.

“N ò lè ní o san ohun tí o ò san. Ṣùgbọ́n kò le. Mo ti fi jì ọ́. Màá dìde níwájú wọn, màá ní mo fi ta Tíṣà lọ́rẹ.”

Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu níwájú mi. Ilé mi, orúkọ mi, gbogbo rẹ̀ wà lórí ahọ́n bàbá yẹn. Ohun tí etí mi gbọ́ ni pé gbogbo Aramọkọ yóò mọ̀ pé àgbẹ̀ tí kò kàwé ló ra iṣu fún ọmọ yunifásítì jẹ.

“Bàbá, èmi kì í ṣe alágbe.”

“Ta ló pè ọ́ lálágbe? Gbà á, ọmọ mi. Kò wúwo.”

“Ẹ sáà sọ pé mo san!”

“N ò ní purọ́ láwùjọ, Tíṣà.”

Ó yíjú padà sí kòkó rẹ̀. Mo mú kùmọ̀ tó fi ń fọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo lù ú.

Kò kú lójú ẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ń ké. Ó lajú, ó wò mí pẹ́, ó ní, “Lọ sọ fún wọn. O ò jẹ mí ní nǹkan kan.” Nígbà tí àwọn tó wà lóko ìtòsí fi dé, ó ti kú.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí, kì í sì í ṣe ẹ̀rù okùn. Mo kàwé púpọ̀, n kò rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà. Ẹ̀gbẹ́ òkè ńlá ni mo ń gbé, mo pè é ní ebè. Ní kóòtù, mo sọ ọ̀rọ̀ tí Bàbá Jóònà sọ kẹ́yìn. Adájọ́ wò mí, ó gbé kálámù sílẹ̀, kò kọ ọ́. Ta ni yóò gba ẹ̀rí apànìyàn gbọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yẹn?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní kí ẹ má jẹ gbèsè. Ta ni kò jẹ ẹ́ rí? Bí ẹ bá jẹ, ẹ tọ ẹni tí ẹ jẹ lọ kó tó wá yín wá. Ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Bó bá sì fi jì yín, ẹ dọ̀bálẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ti lè rí yín, kí ẹ tún dìde máa lọ. Ẹ ó pàdé àwọn tó kórìíra ẹni tó ṣàánú wọn, nítorí pé ó ṣàánú wọn. Wọ́n pọ̀. Wọ́n mọ̀wé, wọ́n mọ aṣọ wọ̀. Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín, ẹ kàn má bá wọn ṣe é. Èmi náà ṣe é.