Ápù Tí Kò Lata

Inú mọ́tò tó ń ti Àpòmù bọ̀ wá sí Ìkirè ni mo wà, tí àwọn ọ̀rẹ́ méjì kan ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, tí ọ̀kan gbé àpò ápù lé ẹsẹ̀.

Èkejì ní, “Ápù tún ni? Àbí Màmá rẹ ti di òyìnbó ni?”

“Ọ̀fun wọn ni ò gba nǹkan mọ́. Màá bó ápù, màá gé e sínú ìkòkò oníná tí àbúrò mi fi ránṣẹ́, màá bu omi díẹ̀ àti èèpo igi lílọ̀ olóòórùn dídùn tí wọ́n ń pè ní sínámọ́nì sí i. Tó bá jinná, màá fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná.”

“Ṣé Màmá ń jẹ ẹ́ ṣá?”

“Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní ata ẹ̀ dà? Dókítà sì ní ata ò gbọdọ̀ kan ọ̀fun wọn.”

“Purọ́ fún wọn pé o ti fi sí i.”

“Ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ dín dòdò Ìkirè aláta, kí n wá fi ata tàn án? Lánàá mo bu ata sí i, bíńtín. Wọ́n wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo bú sẹ́kún. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, ‘Má sunkún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dà bí oúnjẹ.’”

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dà bí oúnjẹ. Mo gbọ́ ọ, mo bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó rọra bi í pé, “Lónìí wá ńkọ́, ṣé wàá tún bu ata sí i?”

“Lónìí, wọ́n ti ń retí mi.”