Ilé Tó Wà Nínú Báàgì Mubaraq

[Fèyíkẹ́mi, olùkọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló pe fóònù Mubaraq, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mùjídàt, ẹ̀gbọ́n Mubaraq lóbìnrin, ló gbé e. Ariwo ọjà Sábó ń dún lẹ́yìn Fèyíkẹ́mi.]

FÈYÍKẸ́MI: Háà! Ó wọlé! Mubaraq! Oníjìbìtì! O kú ilé o, o kú ìfarapamọ́!

MÙJÍDÀT: Hẹ̀lóò? Ẹ káàsán o. Ta ni—

FÈYÍKẸ́MI: N kò gbọ́ ọ dáadáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Sábó yìí! Ṣé o gbọ́ mi? Má wulẹ̀ ṣàlàyé. Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún, mo dúró dè ọ́ ní gáréèjì títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo se ìrẹsì! Èmi tí n kì í se ìrẹsì fún ẹnikẹ́ni!

MÙJÍDÀT: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ—

FÈYÍKẸ́MI: Mo ní má ṣàlàyé. Mo ti bínú tán, inú mi sì ti dùn padà. Gbọ́ ìròyìn kí o tó bẹ̀rẹ̀ irọ́ rẹ: wọ́n gbà á! Wọ́n gba fíìmù wa! Wọn yóò fi í hàn níbi àjọ̀dún fíìmù ní Ìbàdàn, nínú gbọ̀ngàn, lára ògiri ńlá. Àwòrán ìkẹyìn nìkan ni wọ́n ń retí. Ṣé o gbọ́ mi?

MÙJÍDÀT: Mo gbọ́ yín. Ẹ má bínú, Mubaraq kọ́ ló ń sọ̀rọ̀.

FÈYÍKẸ́MI: Áà. Sorry, mà. Ẹ káàsán, mà. Ẹ dákun, mo rò pé— Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mà?

MÙJÍDÀT: Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Mùjídàt.

FÈYÍKẸ́MI: Àǹtí Mùjídàt! Ẹ kú ilé, mà. Ó máa ń dárúkọ yín. Èmi ni Olúwafèyíkẹ́mi, mà, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ bá mi gbé fóònù fún un, ẹ jọ̀ọ́, kí n bú u díẹ̀ sí i.

MÙJÍDÀT: Kò sí nítòsí.

FÈYÍKẸ́MI: Ṣé ó jáde ni?

MÙJÍDÀT: Ó... bẹ́ẹ̀ ni. Ó jáde.

FÈYÍKẸ́MI: Ó wá fi fóònù sílẹ̀? Mubaraq tó ń gbé fóònù wọ balùwẹ̀?

MÙJÍDÀT: Jẹ́ kí n bi ọ́, àbúrò mi. O ní o dúró dè é. Ibo lo ti dúró?

FÈYÍKẸ́MI: Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mà. Ó ní bí òun bá ti kírun àsùbáà tán, òun á wọ ọkọ̀. Ó ní òun ń gbé ilé náà bọ̀.

MÙJÍDÀT: Ilé wo?

FÈYÍKẸ́MI: Ilé Ìyá Àgbà, mà. Ilé oníbíríkì. Ọ̀dọ̀ mi la ti fẹ́ yà á, torí kámẹ́rà tèmi ló dára.

MÙJÍDÀT: Ọ̀dọ̀ rẹ ló ń lọ. Ọlọ́run Ọba. Ọ̀dọ̀ rẹ ló ń lọ. Gbogbo ilé ló ń béèrè pé kí ló lọ ṣe lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀.

FÈYÍKẸ́MI: Àǹtí, kí ló dé tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ báyìí?

MÙJÍDÀT: Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ níbẹ̀?

FÈYÍKẸ́MI: Kò sẹ́nì kankan, mà. Sábó ni mo wà, níwájú àwọn tó ń ta ohun ìṣeré tòkunbọ̀. Kí ló dé?

MÙJÍDÀT: Wá ibì kan jókòó.

FÈYÍKẸ́MI: N kò jókòó. Rárá, Àǹtí, n kò ní jókòó. Mo mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ tẹ̀ lé e. Ẹ sọ pé ara rẹ̀ kò yá.

MÙJÍDÀT: Fèyí—

FÈYÍKẸ́MI: Ẹ sọ pé ó wà ní ọsibítù!

MÙJÍDÀT: Kò sí ní ọsibítù, ọmọ mi.

[Ariwo ọjà. Ìlà ń já, ó ń so.]

MÙJÍDÀT: Ṣé o gbọ́ mi? Tírélà ni. Ọkọ̀ tó wọ̀ ń yà fún kòtò, tírélà sì ń bọ̀ níwájú. Ọjọ́ náà gan-an la sin ín. Ìnnálílàhi wa ìnná ìléhì rájíúùn.

FÈYÍKẸ́MI: [Ó ń sunkún.] Ọ̀nà yẹn. Ọ̀nà yẹn! Láti ìgbà tí mo ti wà ní pírámárì ni wọ́n ti ń ṣe é! Bí ìdìbò bá ti dé, wọn a wá ya fọ́tò létí kòtò, wọn a wọ ọkọ̀ padà lọ!

MÙJÍDÀT: Kádàrá ni.

FÈYÍKẸ́MI: Kòtò ni, Àǹtí! Kádàrá kọ́ ló gbẹ́ kòtò!

[Ariwo ọjà bo ìlà náà.]

MÙJÍDÀT: Fèyí. Ṣé o gbọ́ mi?

FÈYÍKẸ́MI: Mo gbọ́ yín, mà. Ẹ má bínú. N kò tilẹ̀ kí yín. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run yóò tù yín nínú. Mo dúró ní gáréèjì, mà. Ó ti wà nínú ilẹ̀, èmi dúró níbẹ̀, mò ń bú u.

MÙJÍDÀT: O kò mọ̀.

FÈYÍKẸ́MI: Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò pè mí?

MÙJÍDÀT: Ta la mọ̀ tí a ó pè? Ọwọ́ ọlọ́pàá ni fóònù rẹ̀ wà, pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Àárọ̀ yìí ni wọ́n tó kó wọn fún wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ki ṣájà bọ̀ ọ́ ni ìpè rẹ wọlé. Ṣé ẹ ń fẹ́ra yín ni?

FÈYÍKẸ́MI: A kò... a kò tíì dé ibẹ̀, mà.

MÙJÍDÀT: Hùn. Kí wá lẹ jọ ń ṣe?

FÈYÍKẸ́MI: Bíríkì, mà. Bíríkì ìṣeré, oníke, èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ra wọn. Àwa àgbàlagbà tí a fẹ́ràn rẹ̀ ní gúrúùpù lórí Wásáàpù, ibẹ̀ la ti pàdé. Fíìmù òyìnbó kan wà tí wọ́n fi bíríkì ṣe látòkè délẹ̀. Gbogbo wa wò ó, gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́. Mubaraq nìkan ló bínú.

MÙJÍDÀT: Ó bínú sí fíìmù?

FÈYÍKẸ́MI: Ó ní nínú gbogbo ilé tó wà níbẹ̀, kò sí ẹyọ kan tí páànù rẹ̀ dípẹtà. Ó ní ká ṣe tiwa.

MÙJÍDÀT: Ohun tó ń ṣe nínú yàrá nìyẹn?

FÈYÍKẸ́MI: Ìlú ló ń kọ́, mà. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló kọ́ síbẹ̀, tòun ti kànga. Ó ní èèyàn oníke kékeré kan, Ìyá Àgbà. Á sún un díẹ̀, á ya fọ́tò rẹ̀. Á tún sún un, á tún yà á. Bí ẹ bá wá wo àwọn fọ́tò náà tẹ̀ léra, ẹ ó rí i pé ó ń rìn.

MÙJÍDÀT: A máa ń gbọ́ tó ń dá rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ọkọ mi ní kí n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

FÈYÍKẸ́MI: Ó ń rẹ́rìn-ín sí Ìyá Àgbà ni. Ìyá náà rìnrìn àjò, ó pẹ́ kó tó dé, wọ́n ti pa gbogbo òrùlé ìlú dà. Kò mọ ilé rẹ̀ mọ́. Ó ń kanlẹ̀kùn kiri. Ìgbẹ̀yìn ló kù: kó rí ilé rẹ̀, kó sì ṣílẹ̀kùn. Àǹtí, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìlú yẹn. Lọ́la ni mò ń bọ̀. Èmi á parí rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ parí. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MÙJÍDÀT: Mo gbọ́.

FÈYÍKẸ́MI: Aṣọ funfun ló máa ń dà bò ó. Ẹ kàn jẹ́ kí aṣọ náà—

MÙJÍDÀT: Kò sí níbẹ̀ mọ́.

FÈYÍKẸ́MI: Aṣọ náà?

MÙJÍDÀT: Ìlú náà. A ti fi ṣe sàárà.

FÈYÍKẸ́MI: Ẹ ti fi ṣe kí ni?

MÙJÍDÀT: Sàárà. Níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Àfáà ní ohun tí olóògbé fẹ́ràn jù ni ká fi tọrẹ, kí láádá rẹ̀ lè bá a nínú sàréè. Mubaraq kò ní aṣọ iyebíye, kò ní ilẹ̀. Nǹkan wọ̀nyẹn ló fẹ́ràn. A tú u, a bù ú fún àwọn ọmọ àdúgbò, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́.

FÈYÍKẸ́MI: Ẹ tú u? Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló fi kọ́ ọ! Ẹ wá fọwọ́ bù ú bí ẹ̀pà?

MÙJÍDÀT: Ìfẹ́ la fi ṣe é.

FÈYÍKẸ́MI: Ẹ kò béèrè! Ẹ kò tilẹ̀ béèrè!

MÙJÍDÀT: Lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ òkú?

[Ọ̀kadà kan kọjá.]

MÙJÍDÀT: Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, Fèyí. Ẹ̀yìn mi ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ìwọ ló sọ fún.

FÈYÍKẸ́MI: Ojú ń tì í, mà. Ó ní ẹ ó fi òun ṣẹlẹ́yà, pé àgbà tó ń ṣeré ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá yín ń ja ìjà nítorí bọ́ọ̀lù tí wọn kò gbá, ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n lọ́mọdé!

MÙJÍDÀT: Òótọ́ lo sọ. À bá fi í ṣẹlẹ́yà.

FÈYÍKẸ́MI: Ẹ bá mi gbà á padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, please. Mo lè ra òmíràn fún wọn. Iwájú ẹni tó ń tà á ni mo dúró sí yìí.

MÙJÍDÀT: Sàárà òkú? Kí n máa ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, kí n máa gba láádá àbúrò mi kúrò lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Rárá. Bínú bí o bá fẹ́. Ìyẹn, n kò ní ṣe é.

FÈYÍKẸ́MI: [Ó ń sunkún.] Mo mọ̀. Èmi náà kò jẹ́ ṣe é.

MÙJÍDÀT: Má sunkún láàárín ọjà. Fèyí? Ṣé o gbọ́ mi? Báàgì rẹ̀ rèé níwájú mi. Díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni mo fẹ́ bù ú fún àwọn tí kò rí gbà lọ́jọ́ náà—

FÈYÍKẸ́MI: Ẹ má bù ú! Àǹtí! Ilé ni! Ilé Ìyá Àgbà nìyẹn!

MÙJÍDÀT: Kò jọ ilé. Ó ti fọ́n ká.

FÈYÍKẸ́MI: Ẹ dà á sórí ẹní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Bí ilé yẹn bá dúró, òun nìkan tó fún mi láti fi parí rẹ̀.

[Ìró ike tó ń dà sílẹ̀.]

MÙJÍDÀT: Bìsìmílàhi. Ó pọ̀ o.

FÈYÍKẸ́MI: Ṣé ẹ rí ọ̀kan tó fẹ̀, aláwọ̀ ewé, tó ní kókó wẹ́wẹ́ lójú?

MÙJÍDÀT: Ó wà. Etí rẹ̀ kan ti kán.

FÈYÍKẸ́MI: Kò burú. Ilẹ̀ nìyẹn. Ó fi fọ́tò ìta ilé náà ránṣẹ́ sí mi, òun ni mò ń wò. Ẹ wá àwọn pupa tó gùn, kí ẹ tò wọ́n yí i ká. Ẹ fi àyè ilẹ̀kùn sílẹ̀ níwájú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dún.

MÙJÍDÀT: Ó le o. [Kọ́.] Ó dún!

FÈYÍKẸ́MI: Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, mà.

[Kọ́. Kọ́. Kọ́.]

MÙJÍDÀT: Ìró yìí. À ń gbọ́ ọ láti ìta, lálaalẹ́. Èmi rò pé ó ń tún rédíò ṣe ni.

FÈYÍKẸ́MI: Ẹ wá èyí tó pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Páànù tó dípẹtà nìyẹn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kùn ún.

MÙJÍDÀT: Mo rí i. Mo gbé e lé e. Ilẹ̀kùn náà rèé... Ó wọlé. Fèyí, ó ń ṣí! Ó ń ṣí, ó sì ń padé!

FÈYÍKẸ́MI: [Ó ń sunkún.] Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun.

MÙJÍDÀT: Ilé ni lóòótọ́. Dúró. Àwọn èèyàn ṣẹ́kù sórí ẹní. Ọ̀kan wé gèlè.

FÈYÍKẸ́MI: Ìyá Àgbà nìyẹn. Ẹ gbé e síta, síwájú ilẹ̀kùn.

MÙJÍDÀT: Mo ti gbé e. Èyí èkejì ńkọ́?

FÈYÍKẸ́MI: Èkejì wo?

MÙJÍDÀT: Ọkùnrin ni. Fìlà wà lórí rẹ̀. Ó jókòó.

FÈYÍKẸ́MI: Kò sí ọkùnrin nínú ìtàn náà, mà. Ìyá Àgbà nìkan ló ń gbé ilé yẹn. Èmi ni mo kọ ọ́.

MÙJÍDÀT: Ó wà lọ́wọ́ mi níbí.

FÈYÍKẸ́MI: Ó ní kí n má béèrè ohun tó wà nínú ilé. Ó ní ọjọ́ tí a bá ṣílẹ̀kùn ni n óò rí i... Àǹtí, ó fi ẹnì kan sí i.

MÙJÍDÀT: Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ń retí èèyàn. Níbo ni kí n gbé e sí?

FÈYÍKẸ́MI: Inú ilé, mà. Inú ilé ni.

MÙJÍDÀT: N kò gbọ́ ọ. Ìta ni àbí inú?

FÈYÍKẸ́MI: Inú ilé! Ẹ jẹ́ kó kọjú sí ilẹ̀kùn! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MÙJÍDÀT: Hẹ̀lóò? Ohùn rẹ kò wọlé mọ́. Fèyí? Ó wà lọ́wọ́ mi o, n kò fẹ́ ṣì í gbé.

FÈYÍKẸ́MI: Inú ilé, Àǹtí! Inú—

MÙJÍDÀT: Fèyí? Ṣé o gbọ́ mi? Níbo ni kí n—

[Ìpè já.]